Géèmù Mọ́remí: mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbá a lè lo orin tirẹ̀

Ọmọ Ìlódè

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fi Godot 4 (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù) ṣe géèmù kan lórí ìtàn Mọ́remí. Mọ́remí ni ẹni tó bá ń gbá a: á máa yọ́ rìn nínú igbó, á máa ṣọ́ àwọn Ìgbò tó fi ìkó bora (Ìgbò inú ìtàn Ifẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe ẹ̀yà Ígbò òde òní), títí á fi rí àṣírí wọn gbé délé. Èmi nìkan ni mò ń ṣe é, alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Orin abẹ́lẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà ládùúgbò gbá a wò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mẹ́rin nínú wọn ti pa ohùn géèmù, tí wọ́n gbé orin tiwọn sí i lórí fóònù. Ẹni méjì gbé fújì, ọ̀kan gbé jùjú, ọ̀kan gbé orin ìyìn. Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé àwọn mẹ́rin yìí ló pẹ́ jù nídìí rẹ̀. Àwọn méjì tó gbọ́ orin mi tètè dìde. Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ ni pé ọ̀tá ń pa wọ́n léraléra. Ìró ìkó tó ń dún ṣàràṣàrà nínú igbó ló yẹ kó ta wọ́n lólobó pé ẹnì kan ń bọ̀, wọ́n sì ti pa á pọ̀ mọ́ orin.

Mo wá fẹ́ kí wọ́n lè kó orin tiwọn wọnú géèmù gan-an, kí ìró tó ṣe pàtàkì má sì kú. Mo dá fódà kan sínú iṣẹ́ mi, mo fi load(), àṣẹ tí Godot fi ń gbé fáìlì wọlé, pe orin inú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dún. Nígbà tí mo gbé géèmù jáde tán, tí mo fi sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún kó orin tirẹ̀ síbẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ dákun, níbo ni mo ti ṣì í?

Ará Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí, ó sì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ res://, ìyẹn fódà iṣẹ́ yín, ni Godot máa ń dì sínú fáìlì pck nígbà tẹ́ ẹ bá gbé géèmù jáde. Ẹni tó gba géèmù lọ́wọ́ yín ò lè ti nǹkan kan bọ inú ẹrù tẹ́ ẹ ti dì. Èkejì, load() kì í ka MP3 bó ṣe wà. Èyí tí Godot ti tún ṣe sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń kọ géèmù lọ́wọ́ nìkan ló ń rí.

Ẹ gbé fódà orin lọ sábẹ́ user://, àyè tí Godot yà sọ́tọ̀ fún fáìlì ẹni tó ń gbá géèmù. Lórí Windows, ó máa bọ́ sí AppData, nínú Roaming, lábẹ́ Godot/app_userdata pẹ̀lú orúkọ géèmù yín. Lórí Linux, .local/share/godot/app_userdata ni. Ẹnikẹ́ni ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a débẹ̀, nítorí náà ẹ fi bọ́tìnì kan sójú ìwé ètò tó máa ṣí fódà náà fún un: OS.shell_open ló ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ fi ProjectSettings.globalize_path sọ àdírẹ́sì náà di èyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀. DirAccess á ka orúkọ àwọn orin tó bá níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa gbé MP3 kan dìde nìyí:

var orin = AudioStreamMP3.new()
orin.data = FileAccess.get_file_as_bytes(ona_faili)
$Orin.stream = orin
$Orin.play()

Bó bá jẹ́ Ogg Vorbis ni, AudioStreamOggVorbis.load_from_file ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún irú fáìlì tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa o. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mórì káàdì fún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni wọ́n ti gbà á. Ẹ máa rí M4A, ẹ máa rí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tó jẹ́ opus, Godot ò sì mọ méjèèjì. Ẹ tún máa rí M4A tí ẹnì kan kàn yí ìrù orúkọ rẹ̀ padà sí .mp3. Ẹ má gba orúkọ fáìlì gbọ́. Ẹ yẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò: MP3 sábà máa ń fi lẹ́tà mẹ́ta náà, ID3, bẹ̀rẹ̀, tàbí kí báìtì àkọ́kọ́ jẹ́ 255. Èyí tí ò bá kúnjú ìwọ̀n, ẹ kọ ọ́ síwájú ẹni náà ní Yorùbá tó yé e pé «Géèmù yìí ò lè ka orin yìí», kẹ́ ẹ dárúkọ orin náà. Ẹni tó kó orin mẹ́wàá wọlé tó rí méje, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ìdí fún un, á rò pé géèmù ti bàjẹ́ ni.

Onílù Ìjọ̀ka

Àbúrò, mo kí ọ láti Iléṣà. Inú mi dùn pé ẹnì kan ń ṣe èyí. Mi ò mọ nǹkan kan nípa kóòdù, ìlù ni iṣẹ́ mi, iṣẹ́ bàbá mi sì ni. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò fẹ́ kí o fi lé orin ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Mọ́remí bá dé etí odò Ẹ̀sìnmìrìn láti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀, tó bèèrè ohun tí odò fẹ́ gbà, tí odò sì ní Olúorógbo ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Bí fújì bá ń lọ lábẹ́ ìyẹn, o ti ba ìtàn náà jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ orin tìrẹ ni, mi ò fẹ́. Jẹ́ kí omi nìkan máa dún. Nínú igbó, lójú ọ̀nà, nínú ọjà, kí wọ́n gbọ́ ohun tó bá wù wọ́n. Èèyàn máa ń kọrin lójú ọ̀nà oko, kò burú.

Ìkejì, o ní ìró ìkó ni àmì tí wọ́n ń tẹ́tí sí. Àbúrò, o mọ ohun tó jọ ìró ìkó jù lọ láyé yìí? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni. Èso inú okùn ló ń fara gbo igbá, ó ń dún ṣàà, ṣàà. Ẹni tó ń gbọ́ jùjú nínú géèmù rẹ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí bí etí rẹ̀ ṣe máa ya ọ̀tá sọ́tọ̀. Bí o bá fi ohùn ìkó sókè, ariwo lásán lo fi kún ariwo. Àmì tó bá máa la ìlù kọjá, ìlù gbọ́dọ̀ yẹra fún un. Bí a ṣe ń ṣe lóde àríyá náà nìyẹn: bí ìyá ìlù bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn omele á rọra, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á fà sẹ́yìn.

Ọmọ Ìlódè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yìí ò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Mo padà lọ gbọ́ jùjú tí ọmọkùnrin yẹn lò, òótọ́ lẹ sọ. Ti etí odò náà, mo gbà. Mo ti yọ orin ibẹ̀ kúrò lálẹ́ yìí.

Agbohùnsílẹ̀

Ohun tí ẹ̀gbọ́n onílù sọ yẹn gan-an ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ ohùn máa ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ, Godot sì ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ dá ojú ọ̀nà ohùn mẹ́ta sílẹ̀ níbi àtòjọ bus: Orin, Ìkìlọ̀, àti Yòókù. Ìkó, ẹsẹ̀ ọ̀tá, àti ohunkóhun tó lè pa èèyàn, Ìkìlọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé wọn gbà. Ẹ wá fi AudioEffectCompressor, ohun tó ń tẹ ohùn wálẹ̀, sórí Orin, kẹ́ ẹ kọ orúkọ bus Ìkìlọ̀ síbi tí wọ́n pè ní sidechain. Láti ìgbà náà lọ, bí Ìkìlọ̀ bá ti dún, Orin á tẹrí ba fúnra rẹ̀. Ẹ fa threshold, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tó ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wálẹ̀ sí nǹkan bíi -30 dB o. Ní 0 tó máa ń wà tẹ́lẹ̀, kò ní mú nǹkan kan. Release, ìyẹn àsìkò tí orin fi ń gòkè padà, tí wọ́n bá sílẹ̀ jẹ́ 250 ms, ó yá jù fún irú eléyìí. Mo fẹ́ràn 800 ms, kí orin rọra gòkè padà, kó má máa ta kìjí.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dán wò: nígbà tí Mọ́remí bá wọ inú igbó tó sì lúgọ, ẹ tan AudioEffectLowPassFilter sórí Orin. Gbogbo ìró tín-ín-rín á lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á lọ, ìró gbẹ̀dù àti ohùn akọrin á ṣẹ́ kù bí ẹni pé wọ́n ń ṣe àríyá ní ilé kejì. 2,000 Hz tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Orin ẹni náà ò dúró, kò sì bínú, àmọ́ ibi tí ìkó ń gbé ti ṣófo fún un. Mo nífẹ̀ẹ́ èyí ju fífa ohùn wálẹ̀ lásán lọ, torí ó dà bí ẹni pé géèmù àti orin jọ ń gbé nínú ayé kan náà.

Bó bá di ọ̀rọ̀ bọ́tìnì fífa ohùn sókè sódò, ẹ fi linear_to_db yí nọ́ńbà rẹ̀ sí dB kó tó dé AudioServer, ibi tí Godot ti ń ṣètò ohùn. Etí kì í gbọ́ ohùn ní ìlà gbọọrọ. Ìdajì nọ́ńbà jẹ́ nǹkan bíi -6 dB, èyí tí etí ò sì kà sí ìdajì ariwo.

Ìyá Ìbejì

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ o. Àwọn ọmọ mi méjì ló ń gbá géèmù nínú ilé. Ọ̀kan ò gbọ́ràn dáadáa ní etí ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí ìró, ẹ jẹ́ kí ewé máa mì níbi tí ọ̀tá wà, kí ojú náà lè rí i. Ó máa ran àwọn tó ń fi orin gbá a lọ́wọ́ náà.

Ará Lágere

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn.

Ọmọ Obòkun

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí mo ti fi irú nǹkan báyìí sínú géèmù kan rí, ibi tí mo ti ṣìṣe sì ni bí orin wa ṣe gùn tó. Nínú àpẹẹrẹ tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí orin parí, kí òmíràn bẹ̀rẹ̀; bí èèyàn bá bọ́ sí ìpele tuntun, kí orin yí padà. Fújì àti jùjú àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú àwo kan odindi lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n so orin mọ́ orin láìdúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń gbá a bá kú, géèmù á tún ibẹ̀ gbé dìde, orin náà á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Akọrin ń júbà lọ́wọ́, ẹni náà kú. Akọrin tún bẹ̀rẹ̀ ìbà. Ẹni náà tún kú. Ọ̀rẹ́ mi kan gbá a fún wákàtí kan, ìbà nìkan ló gbọ́, kò dé ibi tí wọ́n ti ń lù ú gan-an. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe èèyàn síbi àsè tí wọn ò jẹ́ kó jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Nítorí náà, ẹ má fi AudioStreamPlayer orin sínú ìran tó ń kú tó sì ń jí. Ẹ fi sínú autoload, ohun tí Godot ń gbé dìde lẹ́ẹ̀kan tí kì í kú bí ìran bá yí padà, kó máa gbé lókè gbogbo ìran. Bí géèmù bá máa tì, ẹ fi get_playback_position kọ ibi tí orin dé sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ fáìlì, kẹ́ ẹ fi play bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fi orin sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹtàlá lánàá fẹ́ bá a ní ìṣẹ́jú kẹtàlá lónìí. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ èmi kà á sí ọ̀wọ̀ fún ẹni náà àti fún akọrin.

Gígùn yìí kan mẹ́mórì náà. MP3 oní 128 kbps tó gùn tó ogún ìṣẹ́jú jẹ́ nǹkan bíi 19 MB, ìyẹn ò wúwo. Ẹ má gba WAV lọ́wọ́ wọn. 44,100 Hz, etí méjì, báìtì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ń lọ sí 10 MB àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ogún ìṣẹ́jú á lé ní 200 MB. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò á dákú.

Ṣé ẹ fẹ́ gbé e sórí fóònù náà?

Ọmọ Ìlódè

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ iwájú. Fóònù ni gbogbo wọn ní.

Ọmọ Obòkun

Nígbà náà, ẹ mọ̀ pé láti Android 10 ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ohun ìlò lójú, kì í ṣe gbogbo fódà ni ẹ lè wọ̀ mọ́. Ní Android 13, ìyọ̀ǹda pàtó kan wà fún fáìlì orin, READ_MEDIA_AUDIO. Èèyàn máa ń fura sí géèmù tó bá ń tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ní tèmi, lórí fóònù, ẹ má gbé orin wọlé rárá. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń kọrin lórí fóònù wọn máa kọ ọ́ lọ. Android ní ìbéèrè kan nínú AudioManager, isMusicActive, tó ń sọ bóyá orin kankan ń dún lọ́wọ́. Ẹ máa nílò plugin (àfikún kóòdù) kékeré kan láti bi í. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí géèmù pa orin tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi Ìkìlọ̀ àti Yòókù sílẹ̀, kó má sì gba audio focus, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti dún, lọ́wọ́ ohun tó ń kọrin. Compressor ò ní ṣiṣẹ́ lórí orin tí kì í ṣe tiyín, torí náà ewé tó ń mì tí Ìyá Ìbejì sọ ló máa gbà yín là níbẹ̀. Ẹ tún lè jẹ́ kí fóònù gbọ̀n jìgìjìgì díẹ̀.

Àǹtí Amòfin

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Òfin ni mo kọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ibì kan. Kí ẹnì kan ti orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ inú fódà lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí kí ẹ̀yin fi orin olórin sínú géèmù tí ẹ ń pín. Ẹ má fi orin gbajúmọ̀ kankan síbẹ̀ bí àpẹẹrẹ, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan, láìgba àṣẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí géèmù fi orin ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á sọ fún yín pé orin àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé. Copyright Act 2022, òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ààbò fún 50 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí olórin dá sílẹ̀, ní ààbò títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwo lè ti pé 50 ọdún kí orin inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí olórin. Òfin yẹn tún sọ̀rọ̀ lórí orin ìbílẹ̀ tó jẹ́ ti àwùjọ, torí náà bí ẹ bá lọ gba ìlù sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ibi tó ti wá.

Ohun kan tó kù: àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fídíò géèmù sórí YouTube. Content ID, ẹ̀rọ YouTube tó ń dá orin mọ̀, á gbọ́ orin tó wà lábẹ́ rẹ̀, owó fídíò náà lè di ti ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n dí i pa. Ẹ fi bọ́tìnì kan sí i, «Mò ń ya fídíò», tó máa dá orin ti géèmù padà ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

Ará Lágere

Èrò yìí kì í ṣe tuntun, mo kàn fẹ́ sọ ọ́. Lọ́dún 1999, géèmù kan jáde fún PlayStation ní Japan, Vib-Ribbon ni orúkọ rẹ̀. Èèyàn á yọ CD géèmù, á fi CD orin tirẹ̀ sí i, géèmù á sì fi orin náà ya ojú ọ̀nà tí ẹ ó rìn. Xbox àkọ́kọ́, 2001, náà lè da orin kọ láti inú CD sínú ara rẹ̀, àwọn géèmù kan sì ń lò ó. Mo máa ń ronú nípa ohun tí ojú ọ̀nà tí dùndún bá yà á rí bí.

Ọmọ Ìlódè

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ó gbà mí ní ọjọ́ mọ́kànlá, iná ló fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti ṣe fódà, mo ti ṣe bus mẹ́ta, orin ti wà nínú autoload, ewé sì ń mì. Mo pe àwọn mẹ́fà yẹn padà. Ẹnikẹ́ni ò gbé fóònù jáde láti kọrin. Ọmọ tó ń gbọ́ jùjú lúgọ sínú igbó, orin rẹ̀ di bí ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́ ìkó, ó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó dé etí odò tí orin dáké, òun náà dáké. Kò béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló pa orin òun.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Ìró ìkó tí mo ń lò, mo fi pépà àti ọ̀rá ṣe é nínú yàrá mi ni. Ní báyìí tó ti ń jáde ketekete, mo ń gbọ́ pé kì í ṣe ìkó.

Onílù Ìjọ̀ka

Àbúrò, Iléṣà ò jìnnà sí ọ. Mo mọ ẹni tó ń ta ìkó, mo sì ní àwọn ọmọ tó lè gbé e wọ̀ kí wọ́n sáré nínú igbó ẹ̀yìn ilé mi. Wá ní àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀ ní títì. Gbé ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ dání.